Ẹ Kó Gbogbo Oògùn Yín Sórí Ẹní: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ra fún Oògùn Tó Ń Bá Ara Wọn Jà

Ẹsẹ̀ màámi ló kọ́kọ́ wú. Nígbà tó yá, ojú wọn náà ń wú láàárọ̀, wọ́n sì ń sọ pé ìtọ̀ kò fẹ́ wá mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tó ti rọlẹ̀ sí 130 lórí 80 tipẹ́tipẹ́ ṣàdédé gbéra lọ sí 190 lórí 110. Àwa tí a wà nílé ní Alékúwodò sọ pé iyọ̀ ni. A dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, kò gbọ́. Ọjọ́ tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn tí dókítà ní kí a kó gbogbo ohun tí wọ́n ń lò sórí tábìlì ni àṣírí tú. Lisinopril àti Moduretic wà níbẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà kan ló kọ wọ́n. Diclofenac wà níbẹ̀ fún orúnkún, dókítà mìíràn ló kọ ọ́. Ibuprofen tún wà níbẹ̀, èyí tí àwọn fúnra wọn ń rà ní kẹ́míìsì nígbà tí orúnkún bá yarí.

Kò sí ayédèrú nínú wọn. Kò sí èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Oògùn gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó rí gbogbo wọn pa pọ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn.

Àwa ará Òṣogbo ìlú aró, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún wa. Ẹ̀lú lọ́tọ̀, omi eérú lọ́tọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé nínú ìkòkò ni aró tó ń rẹ aṣọ dé. Inú ara wa náà ni ìkòkò tí gbogbo oògùn ti ń pàdé, ẹni tó sì ni ìkòkò ló yẹ kó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn màámi àti lẹ́nu àwọn apòògùn tí mo ti da ìbéèrè bò látìgbà náà ni mo tò síbí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá rí orúkọ oògùn yín nísàlẹ̀, ẹ má kàn dá a dúró o. Propranolol, atenolol, clonidine, prednisolone àti oògùn wárápá wà lára àwọn tó jẹ́ pé dídá wọn dúró lójijì lè pani lára ju lílò wọn lọ. Ẹ gbé ìbéèrè yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ oògùn náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ kó wọn jáde

Gbogbo wọn ni mo wí. Oògùn kì í gbé ojú kan nínú ilé Yorùbá. Òmíràn wà lórí fíríìjì, òmíràn lábẹ́ ìrọ̀rí, òmíràn nínú báàgì tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí asaláàtù, òmíràn nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ṣe ti màámi, ó gbà wá tó wákàtí kan.

"Màámi, ẹ ò tíì kó tán. Kí ló wà nínú pọ́ọ̀sì yín?"

"Èyí kì í ṣe oògùn. Alábùkún lásán ni."

Alábùkún lásán! Ásípírìnì àti kaféènì ló wà nínú Alábùkún, ásípírìnì sì wà lára ohun tó lè bá oògùn mìíràn jà jù lọ. Nítorí náà, ẹ ka àwọn wọ̀nyí mọ́ oògùn: àgbo, oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi, oògùn inú funfun tí a ń mì kí a tó mu, oògùn tí a ń kán sójú, ìpara, abẹ́rẹ́ tí ẹ gbà láàárín oṣù tó kọjá, ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n fi sí apá, àti oògùn tí aládùúgbò fi tọrẹ pé "òun ló ṣiṣẹ́ fún mi."

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an

Oògùn ní orúkọ méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ ọ́, tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí. Ìkejì ni orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, lẹ́tà kékeré ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́ sísàlẹ̀. Èyí kékeré yẹn ni kí ẹ kọ. Voltaren àti Cataflam yàtọ̀ lójú, àmọ́ diclofenac ni méjèèjì. Coartem, Lonart àti Amatem, oògùn ibà kan náà ni wọ́n, artemether pẹ̀lú lumefantrine. Ẹni tó bá lo méjì pọ̀ nínú irú wọn ti lo ìlọ́po méjì láìmọ̀.

Parasitamó́ọ̀lù ló ń tan àwọn ènìyàn jù níbí. Ó wà nínú Panadol, ó wà nínú Panadol Extra, ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn òtútù àti kátá. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju gíráàmù mẹ́rin lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró mẹ́jọ ti 500mg. Ẹni tó lo Panadol méjì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, tó tún lo oògùn òtútù méjì lóru, ti ré kọjá ààlà. Ẹ̀dọ̀ ló máa jìyà rẹ̀, kì í sì í tètè pariwo.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tí ẹ ń lò ó, ẹni tó kọ ọ́ fún yín, àti àìsàn tó wà fún. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí oògùn kan wà fún, ẹ fàlà sábẹ́ rẹ̀. Màámi ní méjì bẹ́ẹ̀.

Ní ti hóró oògùn tí wọ́n kó pọ̀ sínú ọ̀rá funfun, aláwọ̀ mẹ́rin mẹ́rin, tí ẹ ní kí wọ́n bá yín kó jọ fún ara ríro, kò sí ohun tí ẹ lè kọ fún ìyẹn. Ìyẹn gan-an ni ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ rà á mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo àwọn tí kò yẹ kó jọ wà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn ìrora. Mo fi í ṣáájú nítorí pé òun ló wà lápò gbogbo ènìyàn, òun náà ló sì fẹ́ gbé màámi lọ. Ibuprofen, diclofenac, naproxen àti piroxicam tí wọ́n ń tà ní Felvin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọ́n máa ń jẹ́ kí iyọ̀ àti omi dúró sára, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò fi ní ràn dáadáa mọ́. Ti kíndìnrín tún wá le ju ìyẹn lọ. Oògùn ìrora yìí ń fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú asẹ́ kíndìnrín. Lisinopril, ramipril tàbí losartan ń dẹ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde níbẹ̀. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi Moduretic àti Lasix, ti dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù kó tó débẹ̀. Ọ̀nà àbáwọlé fún, ọ̀nà àbájáde là sílẹ̀, omi tó ń bọ̀ kò sì tó nǹkan: kí ni asẹ́ fẹ́ fi sẹ́ ìtọ̀? Bí ẹni náà bá tún ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí ń bì, tàbí ó ń gbààwẹ̀ láìmu omi, ewu rẹ̀ yára sí i. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi oògùn ìrora ṣe ohun tí ó kàn lè rà bí ẹni ra búrẹ́dì.

Ẹ̀jẹ̀ dídà ló tẹ̀ lé e. Warfarin ni oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì síbi tí kò yẹ. Ásípírìnì àti gbogbo ìdílé ibuprofen ń bá a jà. Àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn bíi Flagyl, Septrin, fluconazole àti ciprofloxacin náà lè gbé agbára rẹ̀ ga, tí ẹ̀jẹ̀ á máa yọ ní ìgbẹ́, ní ìtọ̀ tàbí nínú ọpọlọ. Ẹni tó ń lo warfarin, kó sọ ọ́ kó tó jókòó níwájú dókítà kankan, títí kan ti eyín. Ásípírìnì pẹ̀lú ibuprofen, tàbí ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú prednisolone, lè dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀ kó sì mú un ṣẹ̀jẹ̀, bí warfarin kò tiẹ̀ sí níbẹ̀.

Oògùn tó ń mú ni sùn: diazepam, bromazepam tí wọ́n ń pè ní Lexotan, tramadol, kodíìnì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dẹ èémí díẹ̀. Bí méjì bá pàdé, tàbí tí ọtí bá dá sí i, ènìyàn lè sùn kó gbàgbé láti mí. Tramadol tún ní ìjà mìíràn: òun àti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi fluoxetine tàbí sertraline lè fa gìrì, ara gbígbóná àti ìwárìrì.

Septrin jẹ́ oògùn àtijọ́ tí gbogbo wa fojú kékeré wò. Pẹ̀lú lisinopril tàbí spironolactone, ó lè mú kí èròjà pọtásíọ́ọ̀mù pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, tí ọkàn lè fi dúró lójijì. Pẹ̀lú Daonil, ìyẹn glibenclamide fún àtọ̀gbẹ, ó lè já ṣúgà ara wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á dákú. Ciprofloxacin náà lè ṣe irú ti ṣúgà yẹn. Àwọn iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ ka ara rẹ̀: pọtásíọ́ọ̀mù ló kún inú ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú. Sildenafil, ìyẹn Viagra àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, kò gbọdọ̀ pàdé oògùn àyà dídùn bíi isosorbide tàbí nitroglycerin tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ó sì ti pa ènìyàn. Bí àyà bá ń dun ẹni tó ti lo oògùn ọkùnrin, kó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fi ohunkóhun sábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Àṣírí bíbò ní irú wákàtí yẹn ló ń ṣekú pani.

Ó wá ku àwọn tó ń jà nínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ní òṣìṣẹ́ tó ń gé oògùn wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ara tó dà á nù. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan: bí oògùn kan bá di òṣìṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mú, ìkejì á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Erythromycin, clarithromycin àti ketoconazole máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bá simvastatin tó wà fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, iṣan ara lè máa yòrò, kí ìtọ̀ sì pọ́n dúdú bíi kóòkì. Èso náà lè ṣe é. Àwọn olùwádìí kan ní Kánádà ń wo bí ọtí ṣe ń ṣe pẹ̀lú felodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan. Wọ́n bu omi gíréèpùfúrúùtù (èso tó jọ ọsàn ńlá, kì í ṣe èso àjàrà) sí i kí ẹnu má baà mọ̀ pé ọtí ni. Bí oògùn náà ṣe ga nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn náà kọjá ohun tí ọtí lè fà, gíréèpùfúrúùtù ló fà á. Wọ́n gbé e jáde ní 1991, kò sì sí ẹni tó ń wá a nígbà tí wọ́n rí i.

Àwọn kan ń ṣe òdìkejì. Rifampicin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital fún wárápá, ńṣe ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Oògùn yòókù á ti pòórá kó tó ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ fi lè lóyún lórí hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí tàbí èyí tí wọ́n fi sí apá. Èyí oníkọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ kò bá wọn dá sí i rárá. Ẹni tó ń lo dolutegravir fún HIV, dókítà á ní kó máa lò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó bá ń lo rifampicin. Ipá rifampicin sì ṣì máa wà lára fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ya àwọn tí àkókò lásán lè là níjà

Kì í ṣe gbogbo ìjà ló ń béèrè pé kí a lé ọ̀kan jáde. Ciprofloxacin kò fẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, kálísíọ́ọ̀mù, tàbí oògùn inú funfun dúró tì í. Wọ́n á so mọ́ ọn nínú ikùn, á sì bá ìgbẹ́ jáde láìṣiṣẹ́. Ẹ lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Ẹ má fi mílíìkì gbé tetracycline mì. Ẹni tó ń lo levothyroxine fún gẹ̀gẹ̀, kó fi wákàtí mẹ́rin sáàárín òun àti irin tàbí kálísíọ́ọ̀mù.

Nígbà ààwẹ̀ Rámádánì, mo ti rí i tí wọ́n da oògùn àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ìṣínu. Ẹ má ṣe é. Ẹ lọ bá dókítà ní bí oṣù kan kí ààwẹ̀ tó wọlé, kó bá yín pín in sí sààrì àti ìṣínu, tàbí kó yí i padà sí èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bi ìyá alágbo ní ìbéèrè kan

Mi ò ní kí ẹ má mu àgbo. Màámi kò ní gbà, ẹ̀yin náà kò sì ní gbà. Ẹ kàn béèrè pé kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́: omi ni, omidùn ni, àbí ọtí? Bí ó bá jẹ́ ọtí, àgbo yẹn ti di páràgà. Kò gbọdọ̀ bá diazepam tàbí tramadol pàdé. Ìwé tó wà nínú páálí metronidazole, ìyẹn Flagyl, náà sọ pé kí a má mu ọtí títí di ọjọ́ méjì ó kéré tán lẹ́yìn tí a bá lò ó tán. Àgbo tó ń já ṣúgà wálẹ̀, pẹ̀lú Daonil, lè jọ já a wálẹ̀ jù. Ní ti àgbo agbára ọkùnrin, àwọn àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti bá sildenafil nínú ohun tí wọ́n ní ewé àti egbò lásán ni, nítorí náà ẹ padà ka ohun tí mo sọ nípa oògùn àyà.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Yóò bú yín, bóyá. Ẹ jẹ́ kó bú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ apòògùn kan ṣoṣo

Fámásì kò wọ́n láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà. Ẹ mú ọ̀kan tí apòògùn tó gbàwé àṣẹ ń jókòó sí gan-an, kí ẹ má sì máa paarọ̀ rẹ̀. Kẹ́míìsì àdúgbò kò ní àṣẹ láti ta oògùn tó jẹ́ pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, bó ti wù kí ẹni tó ni ibẹ̀ jẹ́ èèyàn dáadáa tó. Ẹ lọ nígbà tí èrò kò pọ̀. Ẹ má béèrè pé "ṣé ó dára?" nítorí "ó dára" ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Ẹ na ìwé náà sí wọn, kí ẹ béèrè báyìí:

"Èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò yẹ kó bá ara wọn gbé?"
"Èwo ni mo lè fi wákàtí yà sọ́tọ̀, wákàtí mélòó sì ni?"
"Bí ara bá ń ro mí, èwo ni mo lè rà láìpa kíndìnrín mi lára?"
"Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ló yẹ kí n ṣe, ìgbà wo sì ni?"

Ọjọ́ tí dókítà bá kọ oògùn tuntun, ẹ fi ìwé náà hàn án kó tó ju bírò sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan tàbí méjì. Ọmọ tó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi oògùn ránṣẹ́ sílé gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́, torí àwọn gan-an ló ń fi fítámínì àti oògùn orúnkún da ìṣirò rú.

Bí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀

Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ètè tàbí ojú tó wú lójijì, ìtọ̀ tó dín kù gidi, òógùn tútù pẹ̀lú ìgbọ̀n, ọkàn tó ń sá tó ń dúró, gìrì, tàbí oorun tí a pè pè tí kò jí: ilé ìwòsàn ní kíákíá, pẹ̀lú gbogbo oògùn nínú ọ̀rá kan. Ẹ má da epo pupa sí ẹni tó ti dákú lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà kí ẹ tó gbéra.

Lẹ́yìn tí ara bá balẹ̀, ẹ ní kí apòògùn tàbí dókítà bá yín fi tó NAFDAC létí, tàbí kí ẹ fi áàpù Med Safety ṣe é fúnra yín. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Wọ́n dá diclofenac àti ibuprofen màámi dúró lọ́jọ́ yẹn. Ìtọ̀ padà wá láàárín ọjọ́ mélòó kan, èsì àyẹ̀wò kíndìnrín sì ń sàn díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjì. Parasitamó́ọ̀lù ni wọ́n ń lò báyìí, hóró méjì méjì, pẹ̀lú aṣọ gbígbóná tí wọ́n ń fi lé orúnkún. Ìwé náà wà lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wọn, a ti tún un kọ nígbà márùn-ún. Orúnkún náà ṣì ń dùn wọ́n nígbà òjò.